Kásẹ́ẹ̀tì 38 láti Ìdànrè: bí fídíò ṣe ń pàdánù orúkọ rẹ̀, àti bí a ṣe lè dá a padà fún un

1/ Ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí gùn, mo sọ fún yín tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹ mọ̀ pé fídíò niṣẹ́ mi, àmọ́ n kò fẹ́ sọ bí a ṣe ń yà á lónìí. Bí a ṣe ń sọ ọ́ lórúkọ ni mo fẹ́ sọ, torí mo ti fojú ara mi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tí kò lórúkọ.

2/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọmọ Ìdànrè ni mí, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Mo kàwé gboyè, mo wáṣẹ́ títí, mo wá gbé fóònù, mo sì ń ya Òkè Ìdànrè fún yín. Mo ti gun àtẹ̀gùn 660 yẹn débi pé orúnkún mi mọ iye rẹ̀ jù mí lọ.

3/ Orí òkè lọ́hùn-ún ni ìlú wa wà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, Nàìjíríà fi ìwé ránṣẹ́ sí UNESCO kí wọ́n lè fi òkè náà sára àwọn ibi tó ń dúró de ìdánimọ̀ àgbáyé. Ìwé yẹn sọ pé àwọn èèyàn wa gbé orí àpáta náà fún bí 800 ọdún. Nǹkan bí àwọn ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ Ọwá ṣì wà lókè títí dòní. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo wà níbẹ̀, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 náà wà níbẹ̀.

4/ Ohun méjì wà lókè yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Èkíní ni ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ihò kan ni, lára àpáta, tó rí bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹrẹ̀. Wọ́n ní kò sí bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe tóbi tàbí kéré tó, ó máa bá a mu. Èkejì ni àmì kan tó dà bí ìwé kíkọ lára òkúta. Gbogbo àlejò ló ń wò ó, gbogbo wa la sì ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè kà á.

5/ Ẹ wò ó dáadáa. Bí àlejò bá gba ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ Agbóògùn kọjá, tí kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, ihò lásán ló máa rí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ mọ́ ọn ló sọ ihò di ẹsẹ̀. Ti àmì yẹn sì yàtọ̀: ó jọ pé ẹnì kan ti jókòó kọ nǹkan sílẹ̀, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ti lọ. Ọ̀kan ní ìtàn, kò ní ìwé. Ìkejì ní ìwé, kò ní ìtàn.

6/ Ohun tí mo fẹ́ fà yọ nìyí: àwòrán nìkan kì í pa ìtàn mọ́. Ọ̀rọ̀ tí a so mọ́ àwòrán, tí ẹlòmíì sì lè kà lẹ́yìn wa, ló ń pa á mọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ná mi ní nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

7/ Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Fídíò, ló ní kámẹ́rà VHS nígbà ayé wọn. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde, ọdún Orósùn, ọdún Ògún, wọ́n máa ń yà á. Nígbà tí wọ́n kú, a bá páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Kásẹ́ẹ̀tì 38. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi bírò kọ nǹkan sí i: ayẹyẹ ta ni, ọdún wo, ilé wo.

8/ Èmi ni mo ní kí a gbé e lọ sí Àkúrẹ́, kí wọ́n bá wa sọ ọ́ di fáìlì kó tó bàjẹ́. Àbá yẹn dáa, torí téèpù kásẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ràn ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa. Ó máa ń hu funfun, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra. Àmọ́ n kò ya fọ́tò bébà kan ṣoṣo kí n tó gbé páálí náà sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

9/ Nígbà tí a padà lọ gbà á, ẹni tó bá wa ṣe é ti bó púpọ̀ nínú àwọn bébà náà kúrò kó lè nu ara kásẹ́ẹ̀tì. Ó kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì padà sínú páálí tí kì í ṣe tiwọn. Ó wá fi flash kan lé mi lọ́wọ́. Mo délé, mo ṣí i: 01.mp4, 02.mp4, 03.mp4, títí dé 38.mp4. Àwòrán mọ́ kedere, ohùn dún dáadáa. Orúkọ ni kò sí.

10/ Mo tẹ ọ̀kan, mo wo ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ sí i. 2022 ló pè é. Gbogbo wọn, 2022! Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà ni láptọ́ọ̀pù mọ̀, kò mọ ọjọ́ tí ayẹyẹ wáyé. Àwọn tó ti kú láti ogún ọdún sẹ́yìn ń jó nínú fáìlì tó ní ọdún 2022 ni wọ́n bí òun. Kọ̀ǹpútà kò parọ́ o. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló sọ.

11/ Kí ẹ lè mọ bí bébà kékeré yẹn ṣe níye lórí tó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé yín lọ sí Jos. Ìtàn gidi ni, ó sì ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà wa níbí.

12/ Láàárín 1967 sí 1978, BBC ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń pa ohun tó wà lórí téèpù wọn rẹ́, torí pé téèpù wọ́n, wọ́n sì fẹ́ tún un lò. Báyìí ni ọ̀pọ̀ apá eré *Doctor Who* ṣe ṣègbé. Àmọ́ kó tó di pé wọ́n pa á rẹ́, wọ́n ti ta ẹ̀dà rẹ̀ lórí fíìmù fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ òkèèrè. Nàìjíríà wà lára àwọn tó rà á.

13/ Ní oṣù kẹwàá 2013, wọ́n kéde pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Philip Morris ti rí apá 11 nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. BBC kò ní 9 nínú wọn mọ́ rárá. Apá tó sọnù jẹ́ 106 tẹ́lẹ̀, ó wá di 97 lọ́jọ́ yẹn. Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Ó ní òun nu eruku kúrò lára téèpù bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ agolo fíìmù, òun sì rí orúkọ eré náà níbẹ̀. Bébà àti eruku, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

14/ Jos kan náà tún ni o. Adamu Halilu ṣe fíìmù *Shaihu Umar* ní 1976, láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Gbogbo èèyàn gbà pé fíìmù náà ti sọnù. Ní 2016, wọ́n rí i nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í han ayé ní ayẹyẹ fíìmù Berlin ní 2018.

15/ Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn fíìmù wọ̀nyẹn kò rìn lọ síbì kankan. Wọ́n wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. "Ó sọnù" túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni. Ẹrù tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ nínú ilé ara wa, ṣé kì í ṣe sísọnù náà nìyẹn? Mo wo flash tó wà lọ́wọ́ mi, àyà mi já.

16/ Tó bá jẹ́ agolo fíìmù ni, ìta ni àkọlé rẹ̀ máa ń wà. Kásẹ́ẹ̀tì VHS náà, ìta ni. Àwọn ará Japan ló gbé VHS jáde ní 1976. Nígbà tí *Living in Bondage* jáde ní 1992, tí gbogbo ilé ń ra fíìmù àgbéléwò, bébà ara kásẹ́ẹ̀tì ti di ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ìyá mi ṣì ní èyí tí wọ́n kọ "Ẹ MÁ PA Á RẸ́ O" sí gàdàgbà. Àmọ́ ohun tó bá wà níta lè bó. Fáìlì sì kò ní ìta tí èèyàn lè lẹ bébà mọ́.

17/ Àwọn kan ti rí ìṣòro yìí tipẹ́. Ní 1995, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé àtàwọn oníkọ̀ǹpútà pàdé ní ìlú kan tó ń jẹ́ Dublin, ní Ohio, Amẹ́ríkà (kì í ṣe Dublin ti Ireland o). Ìbéèrè wọn ni pé: kí ló yẹ kó wà lára ohunkóhun tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹlòmíì lè rí i? Ohun tó jáde níbẹ̀ ni Dublin Core, tó wá ní nǹkan 15: àkọlé, ẹni tó ṣe é, ọjọ́, èdè, ibi tó kàn, ẹ̀tọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òyìnbó ń pe irú nǹkan báyìí ní metadata. Èmi máa pè é ní àlàyé inú fáìlì.

18/ Ní 1996, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eric Kemp wá ọgbọ́n ti àwọn orin MP3. Ó fi àyè kékeré kan, 128 bytes péré, sí ìparí fáìlì. Lẹ́tà 30 fún àkọlé, 30 fún olórin, 30 fún àwo orin, 4 fún ọdún. ID3 ni wọ́n ń pè é. Òun ló jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbé orúkọ olórin jáde bí orin ṣe ń lọ. Àkọlé ti kúrò níta, ó ti wọ inú ara fáìlì.

19/ Àmọ́ ẹ bá mi rò ó wò: lẹ́tà tí àwọn ẹ̀rọ ìgbà yẹn sábà máa ń fi kọ ọ́ kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí o bá kọ "Ọba", "?ba" ló máa gbé jáde. Gbogbo ọba wa di àmì ìbéèrè! Ìgbà tí Unicode rẹsẹ̀ walẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ni a tó lè kọ Yorùbá wa sínú fáìlì pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, tí kò sì ní bàjẹ́.

20/ MP4 tí fóònù yín ń yà, ara QuickTime tí Apple gbé jáde ní 1991 ni wọ́n ti fà á yọ. Ó dà bí àpótí ńlá tí àpótí kéékèèké wà nínú rẹ̀. Àwòrán àti ohùn wà nínú ọ̀kan. Òmíì ń sọ fún ẹ̀rọ bó ṣe máa ṣí wọn. Nínú èyí tó ń ṣàlàyé yìí, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àkọlé, ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tó bá wù ọ́. Àyè yẹn wà nínú gbogbo fídíò tẹ́ ẹ ti yà rí. Nínú èyí tó pọ̀ jù, òfìfo ni.

21/ Bí mo ṣe ń kún un nìyí, kò le. Lórí Windows, tẹ fáìlì náà pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Details. Tẹ iwájú Title, kí o kọ àkọlé. Tẹ iwájú Comments, kí o kọ àlàyé. Tẹ OK. Ó parí. MP4 máa ń gbà. AVI àti MKV sábà máa ń ṣagídí níbẹ̀. Bí fáìlì bá pọ̀, ExifTool wà, èyí tí Phil Harvey ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2003. FFmpeg náà wà, òun náà ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ bí ẹ bá lo FFmpeg, ẹ má gbàgbé "-c copy", kó má baà tún àwòrán yín pò, kó sì ba ẹwà rẹ̀ jẹ́.

22/ Ibi tí ọwọ́ ń ṣe nìyẹn. Ibi tí orí ti ń fọ́ ni pé: kí lo fẹ́ kọ? Mo jókòó síwájú 01.mp4, n kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Mo kọ "ayẹyẹ kan ní Ìdànrè, àwọn èèyàn ń jó". Mo wò ó. Ìtìjú mú mi. Alejò tó kàn ń kọjá lọ náà lè kọ ìyẹn.

23/ Mo wá gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá Màmá Àgbà, ìyàwó Bàbá Fídíò. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà yẹn. Mo ṣí 01. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n mú awò ojú wọn, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyá yẹn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó ju òun lọ rí."

24/ Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Mo ní, "Màmá, ṣé kí n kọ ọ́ pé obìnrin tó wé gèlè àlùkò?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ṣé gèlè ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ni? Ó lórúkọ." Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sọ orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n sọ ilé tí wọ́n ti fẹ́ ẹ jáde, wọ́n tún ki díẹ̀ nínú oríkì wọn. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ohun tí àwọn ará Dublin jókòó ṣe ní 1995, àwọn àgbà wa ti ń ṣe é fún èèyàn látọjọ́ pípẹ́. Ta ni ọ́, ọmọ ta ni ọ́, níbo lo ti wá, kí la fi mọ̀ yín.

25/ Ọjọ́ ni mo tún fẹ́ mọ̀. Kámẹ́rà Bàbá Fídíò kọ "JAN 1 1988" sí igun àwòrán fídíò mẹ́sàn-án, torí wọn kò tò ó rí. Màmá kò tiẹ̀ wò ó. Nígbà tí a dé 12.mp4, tó jẹ́ ọdún Orósùn, wọ́n ní, "Ó ku oṣù kan kí wọ́n dìbò Abíọ́lá. Ọ̀rọ̀ ìbò la ń sọ bí a ṣe ń gòkè." Oṣù karùn-ún la máa ń ṣọdún Orósùn. Wọ́n dìbò Abíọ́lá ní June 12, 1993. Ó ti yanjú: May 1993. Kọ̀ǹpútà ní 2022, kámẹ́rà ní 1988, àgbàlagbà tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ló sọ òótọ́.

26/ Mo tún bi wọ́n nípa bí mo ṣe máa kọ ọ́. Orosun ni àbí Orósùn? Bí ẹ bá kọ ọ́ pẹ̀lú àmì nìkan, ẹni tó wá a láìlo àmì lè má rí i. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìsí àmì, ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí kò ní mọ bó ṣe ń dún. Torí náà, méjèèjì ni mò ń kọ: èyí tó lámì sí àkọlé, èyí tí kò lámì sínú àlàyé. Ọ̀rọ̀ tí Màmá bá fi èdè Ìdànrè sọ, mo máa ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, màá sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

27/ Nígbà míì, wọ́n máa ní kí n dúró. Ní 19.mp4, wọ́n gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. "Èyí kì í ṣe fún ìta." Ohun tó wà níbẹ̀, n kò ní sọ. Mo kọ sínú àlàyé rẹ̀ pé: "Ilé nìkan. Ẹ má gbé e sórí ayélujára." Bí mo bá kú lọ́la, tí ẹlòmíì jogún flash yìí, ó máa rí i. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń rò pé gbogbo ohun tí a bá yà ló yẹ kí a gbé síta. Àlàyé inú fáìlì tún lè jẹ́ ibi tí a ti ń pa àṣẹ àgbà mọ́.

28/ A máa ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ. Bí iná bá lọ, a máa lò ó títí bátìrì fi máa kú. Lọ́jọ́ kan, Màmá rí ara wọn ní 17.mp4, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n sì ń bá ẹnì kan jà nítorí àga. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ni àga yẹn." Ó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fáìlì yẹn ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i máa mọ ẹni tó ni àga.

29/ A parí 23. Ìgbà ọyẹ́ dé, ikọ́ mú Màmá, mo ní kí wọ́n sinmi, pé iṣẹ́ kò lọ síbì kan. Iṣẹ́ kò lọ lóòótọ́. Wọ́n lọ ní oṣù kìíní. Fáìlì 15 ló kù.

30/ Mo bínú sí ẹni tó bó bébà fún ìgbà pípẹ́. Mo ti fi í sílẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ tí a gbé fún un ni kó dá àwòrán padà, ó sì dá a padà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bébà náà wà lára ẹrù. Èmi tí mo kàwé, tí mo ń pe ara mi ní oníṣẹ́ fídíò, èmi náà kò mọ̀.

31/ Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan gbogbo wa. Fídíò ọdún tó kọjá tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, VID àti déètì àti WA ló ń jẹ́. Déètì yẹn lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, kó má jẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè rìn yá, púpọ̀ nínú àlàyé inú rẹ̀ sì máa ń dànù lójú ọ̀nà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbi tí a ń gbé fídíò sí lórí ayélujára. A ti ya nǹkan ju Bàbá Fídíò lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, a kò sì kọ nǹkan kan sára rẹ̀.

32/ Torí náà, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, kí ẹ mú èyí tó bá rọrùn. Ẹ pa ojúlówó mọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe èyí tó ti gba WhatsApp kọjá. Ẹ fún fáìlì lórúkọ tó nítumọ̀, kí ọdún ṣáájú: 1993-05_Orosun_Idanre.mp4. Ẹ kọ àkọlé àti àlàyé sínú rẹ̀. Ẹ tún kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan lọ́tọ̀, torí bí ọ̀kan bá ṣìnà, ìkejì máa wà. Ẹ fi ẹ̀dà sí ibi méjì. Bí ẹ bá sì ní kásẹ́ẹ̀tì tàbí fọ́tò àtijọ́, ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.

33/ Ohun márùn-ún ni mo máa ń kọ: Ta ni? Níbo? Ìgbà wo? Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ta ló sọ fún mi? Ẹ má fo ìkarùn-ún o. Àlàyé fáìlì 12 parí báyìí: "Màmá Àgbà ló sọ ọ́, ìyàwó ẹni tó yà á, wọ́n wà níbẹ̀." Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn máa mọ ìdí tó fi yẹ kó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, tàbí ẹni tó yẹ kó bá jiyàn.

34/ Àwọn àgbà sọ pé ẹnì kan rí òkè wa, ó pariwo pé "Ìdán rè é!", a sì fi ìyẹn pe ìlú. Ẹnì kan sọ ohun tó rí, ẹlòmíì rántí rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá débi àmì yẹn lókè, mo máa ń fọwọ́ kàn án, kí n tó máa bá ọ̀nà mi lọ. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé ó ti yé gbogbo èèyàn.

35/ Ó ku fáìlì 15. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 24. Mo fi àwòrán kan nínú rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìsìnkú ni, ní ìsàlẹ̀ ìlú. Mo rí òkè lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin kan dúró lápá òsì, ó gbé agbòjò dúdú sókè fún ìyá arúgbó kan, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Bó ṣe gbé e sókè nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò dé ìparí, ìṣẹ́jú 41, kò gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìdànrè, ẹ̀yin ọmọ Ìdànrè tó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi gbogbo: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi han àwọn àgbà ilé yín lálẹ́ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi sọ orúkọ rẹ̀. Àyè wà níbẹ̀ fún un.